Ẹ Ya Ìpín Aláìní Sọ́tọ̀ Kí Fìríìsà Tó Gba Tirẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síbi tí àwọn tó ń múra Iléyá yóò ti rí i kà kí wọ́n tó gba ọjà àgbò lọ. Púpọ̀ nínú ohun tó ń ba ẹran Iléyá jẹ́, ọjà ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìdí ọ̀bẹ.

Ọ̀rọ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ. Nínú àgbò tí a bá pa nítorí Ọlọ́hun, àwọn ẹlòmíràn ní ìpín: aláìní, aládùúgbò, alápatà, àti ẹran náà fúnra rẹ̀. Ìpín wọn kì í ṣe àjẹkù. Bí a bá dúró dìgbà tí fìríìsà kún, tí àlejò jẹun yó, ká tó rántí wọn, egungun àti ìfun ló máa ń kù fún wọn. Súrà Hájì, ẹsẹ 37, sọ ọ́ láìfi bò pé ẹran wọn àti ẹ̀jẹ̀ wọn kì í dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun, ìpayà Rẹ̀ tó wà lọ́kàn wa ló ń dé ọ̀dọ̀ Rẹ̀. Ẹsẹ 36 tó ṣáájú rẹ̀ ní ká jẹ níbẹ̀, ká sì fi bọ́ ẹni tí kì í tọrọ àti ẹni tó ń tọrọ. Bí ọ̀pọ̀ onítumọ̀ ṣe túmọ̀ rẹ̀ nìyẹn, ẹni tí kì í tọrọ ló sì ṣáájú. Opó tó wà ní ojúlé kejì, tó ti tilẹ̀kùn mọ́rí láti àárọ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ó ń retí ẹran, òun gan-an ni wọ́n ń wí.

Kí a tó dé ọjà, ẹni tí kò lówó àgbò kò jẹ gbèsè ẹ̀sìn kankan. Nínú ìlànà Málíkì, ọ̀kan nínú ìlànà òfin ẹ̀sìn mẹ́rin tí àwọn Mùsùlùmí ń lò, èyí tí ọ̀pọ̀ àáfà wa nílẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé, Súnnà (ìṣe Ànábì) tó lágbára ni ẹran Iléyá fún ẹni tápá rẹ̀ ká a. Kò di dandan lórí ẹni tó máa torí ẹ̀ yáwó èlé, tàbí tó máa fi owó iléèwé ọmọ ra ìwo àti irun. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pa àgbò fún ara rẹ̀ àti fún àwọn tí kò lè pa nínú ìjọ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí kò bá so àgbò mọ́lẹ̀ lọ́dún yìí, wọ́n ti pa tirẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Sàábé Ànábì kan, Abu Ayyub al-Ansari, sọ pé láyé Ànábì, àgùntàn kan ni ọkùnrin máa ń pa fún ara rẹ̀ àti gbogbo ará ilé rẹ̀; wọ́n á jẹ, wọ́n á fún ẹlòmíràn jẹ, kó tó di pé àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe fáàrí. Ẹni tó bá lágbára àgbò mẹ́ta lónìí, lérò tèmi, ó dáa kó so ọ̀kan mọ́ ilé rẹ̀, kó sì fa méjì tó kù láàyè lọ fún ilé méjì tí kò ní, kí bàbá ilé yẹn náà lè dọ̀bẹ délẹ̀ níwájú àwọn ọmọ rẹ̀.

Ó di ọjà. Oríṣi mẹ́rin ló wọ́pọ̀. Yánkásà funfun, dúdú sì yí ojú àti ẹnu rẹ̀ ká. Ùdà ní àwọ̀ méjì, iwájú dúdú tàbí pupa, ẹ̀yìn funfun. Bàlámì ga, ó funfun látòkè délẹ̀, etí rẹ̀ sì wọ́ wálẹ̀. Ìkẹrin ni àgbò ilé tiwa tó kúrú. Àgbò ilé kò níyì lójú àwọn tó ń wá fọ́tò, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ wa ti mọ́ ọn lára ju àwọn tó wá láti òkè Ọya lọ, kò sì sí ohun tó dí i lọ́wọ́ láti jẹ́ ẹran Iléyá bí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ti pé.

Ọjọ́ orí kì í ṣe ohun tí a ń bi ẹni tó ń tà á, ẹnu àgbò la ti ń wò ó. Ẹ gbé ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò ní eyín iwájú lókè, bí Ọlọ́hun ṣe dá a nìyẹn. Nísàlẹ̀, eyín kéékèèké mẹ́jọ ni ọmọ àgbò máa ń ní. Bí méjì àárín bá ti bọ́, tí méjì ńlá sì ti hù rọ́pò, ó ti lé lọ́dún kan. Òbúkọ gbọ́dọ̀ pé ọdún kan, màlúù ọdún méjì (ọdún mẹ́ta nínú ìlànà Málíkì), ràkúnmí ọdún márùn-ún. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gba àgùntàn tó lé ní oṣù mẹ́fà bó bá sanra dáadáa, àmọ́ ẹni tó bá ra èyí tó ti hu eyín ńlá méjì ti bọ́ lọ́wọ́ àríyànjiyàn. Ní ti màlúù tí èèyàn méje máa ń dáwó jọ rà, Hádíìsì wà fún un, síbẹ̀ àwọn onímọ̀ Málíkì kò fara mọ́ dídá owó ẹran Iléyá pọ̀, ẹ kọ́kọ́ bi Lèmọ́mù yín.

Lẹ́yìn eyín, ẹ ní kí wọ́n tú u sílẹ̀ kó rìn. Al-Bara ibn Azib, sàábé mìíràn, gbà á wá látẹnu Ànábì pé àlébù mẹ́rin kò jẹ́ kí ẹran tọ́ sí Iléyá: ojú tó fọ́ gbangba, àìsàn tó hàn, ẹsẹ̀ tó ń tiro, àti èyí tó rù tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní mùdùnmúdùn mọ́. Irun máa ń tanni jẹ, nítorí náà ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀: bí egungun bá ń gún yín bí eyín ayùn, ó rù. Ìwo tó ṣẹ́ tó ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀ náà ní àbùkù nínú ìlànà Málíkì. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ tó máa ń fa àgbò jáde sí àdúgbò kí wọ́n lè kan ara wọn. Yàtọ̀ sí pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹran, àgbò tí wọ́n rà lówó gọbọi lè di ẹran lásán kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ wo imú, ojú, ẹnu àti ìdí rẹ̀ dáadáa. Bí imú bá ń ṣàn, tí ipin dì sójú, tí egbò wà lẹ́nu, tí ìgbẹ́ gbuuru sì lẹ̀ mọ́ ìrù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àrùn tí àwọn olówò ẹran ń pè ní kata. Kata kì í ran èèyàn, àmọ́ ó ń pa àgùntàn àti ewúrẹ́ nípakúpa. Àgbò tó ti dúró nínú ọkọ̀ láti òkè Ọya, tí kò jẹ tí kò mu bó ṣe yẹ, ara rẹ̀ kò lágbára mọ́, ibẹ̀ ni àrùn tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti máa ń yọjú, nígbà míì lẹ́yìn tó ti dé ilé yín. Ọ̀rọ̀ aládùúgbò dé nìyẹn. Ẹ má so àgbò tuntun mọ́ àárín ewúrẹ́, ẹ má sì jẹ́ kó bá ewúrẹ́ ìyá àgbà tó wà nílé kejì mumi nínú abọ́ kan náà. Ewúrẹ́ mẹ́ta tí ìyá yẹn fi ń gbọ́ bùkátà lè kú tán lẹ́yìn ọdún, kó má sì sí ẹni tó máa mọ̀ pé ara àgbò wa ló ti wá. Okùn tirẹ̀, abọ́ tirẹ̀, igun tirẹ̀ ló yẹ kó ní títí di ọjọ́ ọdún.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e délé, ẹ má di ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ kí ẹ gbé e dábùú ọ̀kadà, ẹ má sì tì í mọ́ inú búùtù. Ooru búùtù nìkan lè pa á. Èyí tí kò kú, ẹ̀jẹ̀ á dì sí itan àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tó ti ń fara gbá irin, ibi tí ẹ̀jẹ̀ dì sí yẹn ló sì máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tàbí ọkọ̀ tó ṣí lẹ́yìn, tí ó lè dúró tàbí kó dùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀, kò wọ́n ju kí a pàdánù àgbò lọ. A kì í fi ìwo tàbí irun gbé e sókè.

Bó bá délé, omi ló kàn, lítà mẹ́ta sí márùn-ún lójúmọ́. Lẹ́yìn náà, koríko, èèpo iṣu, àti èèrí àgbàdo díẹ̀díẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa lóòrùn, nítorí májèlé wà nínú tútù rẹ̀. Àánú àṣejù ló sábà máa ń pa àgbò nílé: ọmọ kan fún un ní búrẹ́dì, èkejì da gàrí sílẹ̀ fún un, ìyá wọn bu ìrẹsì àná sí i. Ikùn àgbò kò lè gba irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ lójijì. Á kan sínú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì á wú, kò ní jẹ mọ́, á máa lọ eyín pọ̀. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ kó oúnjẹ kúrò, kí ẹ sì pe dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀. Àgbo àti epo pupa tí wọ́n máa ń rọ sí i lọ́fun lè gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọdún, ẹ kó oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 12, kí ẹ fi omi sílẹ̀. Ikùn tó kún fọ́fọ́ ló máa ń bẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń lanú, tí ìdọ̀tí inú rẹ̀ á tú sórí ẹran tí a fẹ́ jẹ.

Kò sí ẹran Iléyá ṣáájú ìrun Yídì. Ànábì ní kí ẹni tó bá ti pa tirẹ̀ kí wọ́n tó kírun lọ pa òmíràn dípò rẹ̀. Málíkì fi kún un pé ká jẹ́ kí Lèmọ́mù pa tirẹ̀ ná. Àmọ́ kò sí ohun tó sọ pé gbogbo àdúgbò gbọ́dọ̀ pa àgbò láàárín aago mẹ́wàá sí méjìlá ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọjọ́ 10, 11 àti 12 oṣù Dhul-Hijja ni ọjọ́ pípa nínú ìlànà Málíkì, ní ojúmọmọ. Àwọn tó ń tẹ̀lé ìlànà Ṣáfíì tún ka ọjọ́ 13 mọ́ ọn. Bí alápatà kan bá ní ogún ilé láti dé láàárọ̀ kan, ọ̀bẹ rẹ̀ á kú, ọwọ́ rẹ̀ á yá ju bó ṣe yẹ lọ, ẹran ló sì máa jìyà rẹ̀. Àwọn ilé tó wà ládùúgbò kan lè fọ̀rọ̀ wérọ̀, kí àwọn kan pa tiwọn lọ́jọ́ kejì. Aláìní á tún rí ẹran tútù gbà lọ́jọ́ méjì dípò kó pọ̀ lápọ̀jù lọ́jọ́ kan.

Ẹ bá alápatà dá owó rẹ̀ ṣáájú, kí ẹ sì san án ní owó. Ànábì ní kí Ali bójú tó ràkúnmí tí wọ́n pa, kó fi ẹran, awọ àti aṣọ tí wọ́n fi bo ẹ̀yìn wọn ṣe sàráà, kó má sì fún ẹni tó pa á ní ohunkóhun níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́. Ali ní láti ọwọ́ ara àwọn ni àwọn ti ń san án. Àṣà tó mú kí awọ, orí tàbí ọrùn di owó ọ̀bẹ lòdì sí èyí, bó ti wù kó pẹ́ tó nílùú wa. Nígbà tí ẹ bá ti san owó rẹ̀ tán, ẹ wá fún un ní ẹran bí ẹ ṣe ń fún ẹlòmíràn. Òun náà ní ìyàwó àti ọmọ, iṣẹ́ wa ni kò sì jẹ́ kó ráyè jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ ọdún.

Ní ìdí ọ̀bẹ gan-an, Shaddad ibn Aws gbà á wá pé Ànábì ní bí ẹ bá fẹ́ dúńbú ẹran, ẹ dúńbú rẹ̀ dáadáa. Kí olúkúlùkù pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀, kó sì jẹ́ kí ara tu ẹran rẹ̀. Ọ̀bẹ tó gùn, tí kò léyín, ni kí ẹ lò. Ẹ fi dán bébà wò: bó bá gé e láìfà á ya, ó mú. A kì í pọ́n ọ̀bẹ níwájú àgbò, a kì í sì í pa ọ̀kan lójú èkejì. Ẹ má wọ́ ọ nílẹ̀ dé ibẹ̀, ẹ fà á kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Èèyàn mẹ́ta tó: ọ̀kan níbi ẹsẹ̀, ọ̀kan níbi orí, ọ̀kan fún ọ̀bẹ. Ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kó kọjú sí gábàsì, kí ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ kí wọ́n tó tẹ́ ẹ, kí ó má baà dùbúlẹ̀ lásán kí wọ́n máa wá fóònù tí wọ́n fẹ́ fi ya fídíò. Bísímíláhì, Alláhù Ákúbárù. Lẹ́yìn náà, ẹ gé ọ̀nà èémí, ọ̀nà ọ̀fun àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá méjèèjì láìgbé ọ̀bẹ kúrò, nísàlẹ̀ gògóńgò, kí gògóńgò bá orí lọ. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá gé e dé egungun ọrùn, tàbí tó ṣẹ́ ọrùn rẹ̀ kó lè tètè kú, lè gé okùn tó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ̀jẹ̀ lè má jáde tán, ẹran lè pọ́n dúdú, kó sì tètè bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ẹ má bó awọ, ẹ má gé ẹsẹ̀, títí ó fi kú pátápátá. Ẹ fi ìka kan ẹyinjú rẹ̀: bó bá ṣì ń ṣẹ́jú, kò tíì tó.

Ẹ so ó kọ́ kí ẹ tó bó o, ilẹ̀ kò dára fún ẹran. Abọ́ méjì, ọ̀bẹ méjì: ọ̀kan fún ẹran, ọ̀kan fún ìfun àti ṣàkì. Ẹni tó bá ń fọ ìfun kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹran títí tó fi fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀dọ̀ àti fùkù. Bí ẹ bá rí kókó olómi funfun, tàbí aràn pẹlẹbẹ bí ewé nínú ẹ̀dọ̀, ẹ gé e kúrò kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìn. Ẹ má sọ ọ́ fún ajá, nítorí ajá tó bá jẹ kókó yẹn á máa yàgbẹ́ ẹyin aràn sí ibi táwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Bí àgbò bá sì ṣàdédé kú kí ọjọ́ tó pé, tí ẹ̀jẹ̀ dúdú ń ti imú tàbí ìdí rẹ̀ jáde, ẹ má là á, ẹ má fi tọrẹ, ẹ pe àwọn dókítà ẹran ìjọba. Ní oṣù Keje ọdún 2023, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn Iléyá, ìjọba kéde pé wọ́n rí áńtíráàsì lára ẹran ọ̀sìn ní Suleja, Ìpínlẹ̀ Niger. Àrùn yẹn ń pa èèyàn.

Ẹ má fi táyà sun irun àgbò. Èéfín táyà ń fi májèlé sára awọ tí a fẹ́ jẹ, ó sì ń wọ yàrá ẹni tó ní ikọ́ fée lẹ́yìn ògiri. Omi gbígbóná àti abẹ, igi ìdáná, tàbí iná gáàsì ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ àgbò kan lè tó lítà kan tàbí méjì. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó orúnkún, ó kéré tán mítà 30 sí kànga, kí ẹ da ẹ̀jẹ̀ àti ìdọ̀tí ikùn sí i, kí ẹ da eérú lé e, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ bò ó dáadáa kí ajá má baà hú u. Iléyá ń sún ṣáájú ní nǹkan bí ọjọ́ 11 lọ́dọọdún, àsìkò òjò ló sì bọ́ sí báyìí. Ohun tí a bá dà sí gọ́tà lẹ́nu ọ̀nà wa, ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn ni òjò máa gbé e dé.

Mo wá kan ibi tó dùn mí jù, ìpín ẹran. Àgbò tó wọn kílò 40 láàyè, bí wọ́n bá yọ awọ, orí, ẹsẹ̀ àti inú rẹ̀ kúrò, kílò 18 sí 20 ló máa ń kù. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ fẹ́ràn ìpín mẹ́ta: ti ilé, ti ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò, ti aláìní. Málíkì kò fi òṣùwọ̀n sí i. Ìdá kan nínú mẹ́ta jẹ́ kílò mẹ́fà, ìyẹn ìdìpọ̀ méjìlá bí ẹ bá di ààbọ̀ kílò sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé méjìlá lè se ọbẹ̀ ọdún láti ara àgbò kan! Àmọ́ wọn kò ní rí i sè bí ọ̀rọ̀ wọn bá dúró di ìrọ̀lẹ́. Ẹ kọ orúkọ ilé méjìlá náà sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí wọ́n bá ti gé ẹran tán, ti wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n, kó sì ti jáde nílé kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù. Nínú ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí itan wà níbẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ wà níbẹ̀, kí ẹ̀dọ̀ díẹ̀ wà níbẹ̀. Súrà Āl-Ìmúránì, ẹsẹ 92, ní a kò lè dé ibi oore títí a fi ná nínú ohun tí a fẹ́ràn. Kò sí ilé tó fẹ́ràn fùkù ju itan lọ.

Ohun tó sábà máa ń ba ìpín jẹ́ ni pàṣípààrọ̀. Alájì fi itan ránṣẹ́ sí Alájì, Alájì fi apá ránṣẹ́ padà, ẹran ń yí po láàárín àwọn tó pa àgbò, ilé tí kò pa nǹkan kan ń gbóòórùn rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní. Kò burú kí àwọn Alájì méjì fún ara wọn lẹ́ran, àmọ́ kó jẹ́ lẹ́yìn tí ilé méjìlá ti gba tiwọn.

Ìṣòro kejì ni pé ẹlòmíràn á rí ẹran, kò ní rí ohun tí á fi sè é. Gáàsì ti tán nílé rẹ̀, kò sí epo, kò sí ata. Ẹ fi ife epo kan, ata díẹ̀ àti ìwọ̀n ìrẹsì díẹ̀ kún un, tàbí kí ẹ gbé ti ẹni bẹ́ẹ̀ lọ ní sísè. Ẹ fi abọ́ tó ní ìdérí gbé e, kí ẹ sì kọ́ ọmọ tó ń gbé e lọ bí yóò ṣe sọ̀rọ̀: “Ìyá wa ní kí n kí yín kú ọdún, ẹ̀yin lẹ ni èyí.” Ọmọ tó bá dúró lójúde tó pariwo pé “ẹran sàráà rèé o” ti dójú ti àgbàlagbà níwájú gbogbo ayálégbé. Bí ilé náà bá sì jẹ́ ti Kìrìsìtẹ́nì, ẹ má fò ó. Abdullah ibn Amr, sàábé Ànábì, pa àgùntàn kan, ohun tó ń bi àwọn ará ilé rẹ̀ ni bóyá wọ́n ti fún aládùúgbò wọn tó jẹ́ Júù. Bí ọkàn ẹnì kan kò bá gba ẹran Iléyá, ẹ má bá a jiyàn, ẹ gbé èso tàbí mínírà fún un.

Ní ti fìríìsà, ọdún kan wà tí ìyà ń jẹ àwọn èèyàn, tí Ànábì ní kí ẹnikẹ́ni má fi ẹran Iléyá pamọ́ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó yọ̀ǹda: ẹ jẹ, ẹ fún ẹlòmíràn, ẹ tọ́jú pamọ́. Nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé èèwọ̀ ni fìríìsà. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ mọ ìdí àṣẹ àkọ́kọ́ yẹn, ẹni tó bá sì mọ iye tí ìrẹsì àti gàrí ń jẹ́ lọ́jà báyìí mọ irú ọdún tí a wà. Fìríìsà ilé kékeré kò tilẹ̀ lè mú kílò 15 ẹran gbígbóná dì lẹ́ẹ̀kan náà. Ti àárín á ṣì máa lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ ní òru, pàápàá nínú ọ̀rá dúdú tí wọ́n fún pọ̀ mọ́ra, bí iná ọba bá sì lọ, á rùn. Ẹ gé e ní ìwọ̀n ìka méjì ní nínípọn, kílò kan sínú ọ̀rá kan, kí ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀ láìtò wọ́n lé ara wọn títí wọn yóò fi dì. Ẹran tútù kò gbọ́dọ̀ wà níta ju wákàtí méjì lọ nínú ooru wa. Èyí tí fìríìsà kò bá gbà, ẹ bọ̀ ọ́ pẹ̀lú iyọ̀, kí ẹ dín in gbẹ tàbí kí ẹ yan án lórí iná igi títí omi ara rẹ̀ á fi gbẹ.

Nípa ìyókù, díẹ̀ ló tó. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ aláìsàn rí ọ̀nà kọjá níbi Yídì. Bí ẹ bá ta ìbòrí lójú títì, ẹ kọ́kọ́ sọ fún àwọn ilé tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì pa lọ́ńdíspíkà kí ilẹ̀ tó ṣú púpọ̀. Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú Òde, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, jẹ́ ìdùnnú fún gbogbo wa, àwọn régbérégbé sì ń mú orí ìlú wú. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó bá mọ̀ pé ọmọ ẹgbẹ́ kan kò lè ra aṣọ ọdún yìí, kó jẹ́ kó wọ ti èṣí wá láìsanwó ìtanràn.

Mo rọ àwọn mọ́sálááṣí ràtíbì (ti àdúgbò) pé ní Jímọ̀ tó kẹ́yìn ṣáájú ọdún, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn opó, ọmọ òrukàn àti aláìsàn tó wà ní òpópónà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí èèyàn méjì péré mọ ohun tó wà nínú ìwé náà, kí wọ́n sì fi òṣùwọ̀n kan sí ibi tí ilé kọ̀ọ̀kan yóò máa gbé ìdìpọ̀ tirẹ̀ wá. Nípa bẹ́ẹ̀, ilé kan kò ní gba márùn-ún kí èkejì má gba nǹkan kan.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Britain, níbi tí òfin kò ti gbà kí wọ́n pa àgbò lẹ́yìnkùlé, máa ń fi owó ẹran ránṣẹ́ sílé. Kí wọ́n fi orúkọ àwọn ilé tí wọ́n fẹ́ kí ó dé ránṣẹ́ pẹ̀lú owó náà, kí wọ́n ka owó alápatà mọ́ ọn, kí ó sì dé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọdún, kí ẹni tó máa bá wọn rà á lè ráyè wo eyín àgbò, kó sì yà á sọ́tọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan láti Ìwó, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun